Ọdún Tí Mi Ò Lè Gun Afárá Kétu

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá ọ jà, tí o wá ń fi ìwé dókítà pamọ́ kí ará ilé rẹ má bàa rí i, ìwọ ni mò ń kọ eléyìí sí. Èmi náà ti fi tèmi pamọ́ rí. Inú àpò kóòtù kan tí mi ò wọ̀ mọ́ ni mo tì í bọ̀. Olùkọ́ ni mí, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èmi tí mò ń fa ìlà yí gbogbo ayé ká lójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ, ọdún kan wà tí mi ò lè ti Alápẹ̀rẹ̀ dé Ìkòsì.

Kí n tó sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti wá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni àwọn òbí mi ti wá sí Èkó. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, Màámi ló sì tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bísí, nínú yàrá kan ṣoṣo ní Ìkòsì. Nígbà yẹn, ilẹ̀ pupa ṣì pọ̀ níbẹ̀. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé wa tí gbogbo ayálégbé ń jà sí, kànga sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí omi rẹ̀ máa ń tutù nini kódà lọ́sàn-án gangan. Mo ṣì máa ń rántí ìró garawa nígbà tó bá kan ara kànga yẹn. Wọ́n ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀ báyìí, bí mo bá sì sọ fún àwọn ọmọ mi pé a ti gun igi níbẹ̀ rí, wọ́n á kàn máa wò mí.

Tòmátì ni Màámi ń tà ní Mile 12. Tí mo bá dé láti ilé ìwé, mo máa ń lọ bá a lọ́jà. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá á ti já ẹrù láti Òkè Ọya, apẹ̀rẹ̀ á ti tò lọ bẹẹrẹ, àwọn Màláà á sì máa pè mí ní ọ̀gá kékeré. Màámi á da apẹ̀rẹ̀ kan sórí àpò tó tẹ́ sílẹ̀, á jókòó sórí àpótí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á: èyí tó le á lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tó ti ń rọ̀ á lọ sọ́wọ́ òsì, èyí tó ti rà á lọ sínú garawa. Kì í yára, kì í sì í dúró. Èmi á jókòó tì í, àá jọ máa ṣà á títí ojú ọjọ́ á fi rọ̀. A ò ní nǹkan kan nígbà náà o, àmọ́ tí mo bá gbọ́ òórùn tòmátì tó pọ̀ lójú kan báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n padà sórí àpótí yẹn.

Nígbà tí mo gbéyàwó, mo kó lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, ní òdìkejì títì Ìkòròdú. Màámi kọ̀, ó ní òun ò kúrò ní Ìkòsì. Ni mo bá sọ ọ́ di àṣà pé ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, màá gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní Kétu, màá ra àgbàdo sísè tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, màá sì lọ jókòó tì í títí di ọ̀sán. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ò dá mi dúró, ìdìbò ò dá mi dúró.

Ní Sátidé kan báyìí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo dé àárín afárá yẹn, àyà mi ṣàdédé já. Kì í ṣe bí àyà ṣe ń já èèyàn tí ajá bá gbó mọ́ ọn. Ó já, kò sì dúró mọ́. Ọkàn mi ń lù kìkìkì, ọwọ́ mi méjèèjì kú, ọ̀fun mi dí, ẹsẹ̀ mi ò wá jọ tèmi mọ́. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí àwọn ọkọ̀ tó ń sáré kọjá, ohùn kan sì sọ nínú mi kedere pé, “Orí afárá yìí ni wàá kú sí.” Mo di irin mú. Mo ta ìka yí orí mi ká, mo ní, “Ọlọ́run ò ní jẹ́.” Ohùn náà tún un sọ. Mo tún ta ìka.

Obìnrin kan tó ń ta áńkáṣíìfù lórí afárá ló mú mi jókòó.

“Daddy, ẹ rọra. Ẹ jókòó síbí. Ẹ̀yin ẹ sún fún wọn jàre, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn.”

Ó já píọ̀ wọ́tà kan dà sí mi lórí. Nígbà tí ó di bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ojú tì mí. Àgbàdo Màámi ti fọ́n ká sílẹ̀, mi ò sì lè lọ síwájú. Mo padà sílé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, èmi àti ìyàwó mi ti wà ní ilé ìwòsàn ìjọba kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. O mọ bó ṣe máa ń rí: a tò láti gba káàdì, a tò fún ẹ̀jẹ̀, a tò láti rí dókítà, a sì tún tò níbi tí wọ́n ti ń so okùn mọ́ àyà láti wo bí ọkàn ṣe ń lù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, dókítà ní, “Ọ̀gá, ọkàn yín le ju tèmi lọ.” Inú mi dùn débi pé mo ra súyà lọ sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún dé, lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi, bí mo ṣe ń kọ orúkọ àwọn odò sójú pátákó. Ó tún dé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, kò dúró dìgbà tí mo bá rí afárá mọ́, tí mo bá kàn ronú kan afárá náà, ó ti dé nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀lé e burú ju ìpayà lọ. Oúnjẹ ò ládùn lẹ́nu mi mọ́. Mi ò fẹ́ wẹ̀. Mo lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ di ọ̀sán kí n máa wo ògiri, bí wọ́n bá sì pè mí, ó máa ń dà bíi pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń pè. Ilé ìwé ní kí n lọ sinmi. Tí Màámi bá fóònù, màá ní, “Iṣẹ́ ló pọ̀, Màámi.” Á ní, “Ó dáa, Àkànní. Ṣe jẹ́ẹ́ o.” Bí mo bá ti pa fóònù, màá sunkún. Mò ń ronú pé èmi àti ìyá mi ò ní fojú kan ara wa mọ́, bẹ́ẹ̀ títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa.

Ẹbí dé. Àǹtí Bísí, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, ní àwọn kan ló ń fi ọwọ́ fà mí sẹ́yìn, ó mú mi lọ sórí òkè àdúrà. Bàbá kékeré ìyàwó mi gbé àgbo wá nínú ìgò mẹ́ta, ó kan bí ọtí, ó sì korò bí nǹkan míì. Ọ̀rẹ́ kan fún mi ní tíì àwọn ará Ṣáínà. A náwó, a tún yáwó kún un. Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí ìfẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Àmọ́ mo kíyè sí nǹkan kan: gbogbo wọn ló dá lójú. Wọ́n á ní, “Ọjọ́ méje, Tíṣà, ẹ máa jẹ́rìí.” Ọjọ́ méje pé, ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, mo ṣì wà níbi tí mo wà.

Ìyàwó mi ló rí ìwé inú kóòtù. Dókítà àkọ́kọ́ yẹn ti kọ ọ́ fún mi tipẹ́, nígbà tí mo padà lọ bá a, pé kí n lọ rí àwọn tó ń tọ́jú ọkàn. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀.

“Daddy Tómi, ṣé torí ‘psychiatric’ tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ ṣe ń sá?”

Mo yí ojú sí ògiri.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá àwọn ọmọ yín wí tí wọn ò bá fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú wọn. Ẹ múra, a ń lọ lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn náà, mo fa fìlà bojú títí dé imú. Ta ni mo wá rí tó jókòó tì mí? Alhaji kan láti Ṣangisa ni, onílé gidi, tí mo kọ́ ọmọ rẹ̀ méjì, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè pariwo mọ́ ọn. Ó sún mọ́ mi.

“Tíṣà, ẹ ṣí ojú yín. Bí ẹ ṣe rí mi lèmi náà rí yín. Ó ti parí.”

Ẹ̀rín pa mí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mi ò ti rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ló kú, ó ní láti ìgbà náà, òun ò rí ìdí kan tí òun fi ń jí láàárọ̀.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì lè ju ogójì ọdún lọ. Ó gbọ́ tẹnu mi láìjá ọ̀rọ̀ gbà. Ó fún mi lóògùn, ó sì ní òun á fi mí sínú ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mindfulness ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ ní “ìfọkànsí” nígbà tó yá. Ó ní a ó máa jókòó, a ó máa fọkàn sí èémí wa, a ó máa mọ ohun tó ń lọ nínú wa láìbá a jà. Mo rò ó pé irú wọn náà ló tún dé yìí.

“Dókítà, ẹ má bínú o. Ṣé wọ́n ti dán nǹkan yìí wò? Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ sọ pé ọjọ́ méje?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé bírò sílẹ̀. “Ó dáa sir, olùkọ́ ni yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a mọ̀, kí n sì sọ èyí tí a ò mọ̀.”

Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń lọ tó sì máa ń padà wá, ẹ̀rí wà pé ó lè dín pípadà rẹ̀ kù. Fún ìpayà, ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó borí gbogbo ìtọ́jú míì tó dára. Ó ní àwọn ìwádìí kan fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn míì sì wà tí àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣe é ò pọ̀ tó, tàbí tí wọn ò fi wé ìtọ́jú gidi kan, kí èèyàn lè mọ̀ bóyá òun ló ṣiṣẹ́ tàbí àwọn èèyàn kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni.

“Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kò ní ṣe nǹkan kan fún ẹlòmíì. Àwọn kan náà wà, tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́ báyìí, ohun burúkú tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn á jí padà, ara wọn á wá burú sí i. Tó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wa. Ẹ má ní ẹ ń fara dà á.”

“Àwa tí a wà níbí ńkọ́?”

“Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù. Tiwa níbí ò tíì pọ̀ rárá. Irọ́ ni màá pa fún yín, sir, tí mo bá ní mo mọ bó ṣe máa rí fún ẹni tó ń gbé ní Kétu.”

Láti oṣù mẹ́fà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé òun ò mọ nǹkan kan. Mo gbà láti wá.

Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá. Matron kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, tó máa ń bọ́ bàtà kó tó jókòó, ló ń darí wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pín ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan fún wa, ó ní ká wò ó, ká fọwọ́ pa á, ká gbọ́ òórùn rẹ̀, ká wá jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Alhaji gbé tirẹ̀ sókè. “Matron, ẹ̀pà kan ṣoṣo yìí la ó jẹ láti àárọ̀?” Matron náà rẹ́rìn-ín, ó ní nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn, èso àjàrà gbígbẹ ni wọ́n ní kí àwọn lò, òun ò sì rí i rà. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti ń jẹ ẹ̀pà láti kékeré, mi ò sì mọ̀ pé ó máa ń dùn díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbé e mì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni wàhálà dé. A di ojú, a ń tẹ̀lé èémí. Matron ní, “Tí ìrònú bá dé, ẹ má lé e, ẹ má sì bá a lọ. Ẹ kàn mọ̀ pé ìrònú ni.” Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn yẹn fi dé: orí afárá ni wàá kú sí. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti gòkè fúnra rẹ̀, mo ti ta ìka yí orí mi ká lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti ké e sí gbogbo wọn létí pé, “Ọlọ́run ò ní jẹ́!”

Alhaji ní, “Àmín.” Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan ní òun ń fi ahọ́n ṣe tòun nínú ẹnu. Ọmọbìnrin onídìrí kan láti Ojota ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ lòun ń fi ṣe é nínú bàtà, kí Matron má bàa rí i. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ọ̀rọ̀ burúkú kì í bọ́ sílẹ̀ kí èèyàn máa wò ó. Kódà ká kàn sín léra léra nígbà tí a wà lọ́mọdé, Màámi á ti ta ìka yí wa ká.

“Matron,” ni mo wí, mi ò sì rẹ́rìn-ín mọ́, “tí mo bá jẹ́ kó kọjá láì kọ̀ ọ́, ṣé mi ò ti gbà á nìyẹn?”

Ó ní, “Tíṣà, ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ò dárúkọ ìka títa. Àwọn tó kọ ọ́ ò ta ìka rí. Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó.”

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, Àǹtí Bísí sì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Wọ́n ní kó o má kọ ikú? Ta ni wọ́n? Ṣẹ́gun, bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn nìyẹn. Ọkàn tó bá ṣófo, ẹ̀mí míì á wọ̀ ọ́. O ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀.”

“Àǹtí mi, wọn ò ní kí n sọ ọkàn di òfìfo. Wọ́n ní kí n mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni.”

“Ọ̀kan náà ni.”

Àǹtí Bísí ló fi owó àkàrà rẹ̀ ra ìwé fún mi ní fọ́ọ̀mù wáànù. Mi ò lè sọ fún un pé kó dákẹ́. Ni mo bá ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ìwọ tó ń kà mí má ṣe láéláé. Mo ní kí n pa méjèèjì pọ̀. O ṣáà mọ̀ wá, nǹkan tó bá dára, a gbọ́dọ̀ fi ààwẹ̀ tì í lẹ́yìn. Mo gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mo ń jókòó ṣe ìfọkànsí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, mo sì fi oògùn sílẹ̀, nítorí mo rò pé ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kì í fi ẹsẹ̀ kan sílé kó fi ọ̀kan síta. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi bá mi nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, mo ń gbọ̀n, mo ń ta ìka, mi ò lè dá a dúró. Dókítà ò bá mi jà. Ó kàn ní, “Sir, ta ló ní kẹ́ ẹ fi ààwẹ̀ kún un?” Ó dá oògùn mi padà, ó ní kí n má jókòó ṣe ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbà pé ó ti tán fún mi.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi lọ ṣí i, mo sì gbọ́ tó ní, “Yéè, Màámi.” Màámi ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti láílọ́ọ̀nù dúdú kan. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun nìkan ló gun afárá.

“Ta ló mú yín wá?” ni mo bi í.

“Ẹsẹ̀ mi. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹfà.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, irùngbọ̀n mi àti ẹ̀wù tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta wọ̀. “O ní iṣẹ́ pọ̀. Irọ́ ò mọ́ ọ lẹ́nu láti kékeré.”

Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó ní kí ìyàwó mi bá òun gbé atẹ wá. Ó jókòó sórí àga kúkúrú, ó da láílọ́ọ̀nù náà sórí rẹ̀. Tòmátì ni, èyí tó ti rọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ afárá. Ó ní òun ò lè kọjá lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó tì í nílẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti hun jọ, àmọ́ ọwọ́ yẹn náà ni: kò yára, kò dúró. Mo mú ọ̀kan, ó ti rà. Inú bí mi sí i, mi ò mọ ìdí. Mo fún un mọ́wọ́, ó bẹ́.

“Má fún un, Àkànní.” Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Tó o bá fún un, omi rẹ̀ á ta sára àwọn tó kù. Gbé e síbẹ̀, kó o mú òmíì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti sọ ọ́ fún mi ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ ní Mile 12. Omijé bọ́ lójú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, afárá, ohùn yẹn, oògùn, ààwẹ̀, ìka títa. Ó ń ṣà á lọ bí mo ṣe ń sọ.

Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ọdún tí bàbá yín kú, orí mi kún. Mo máa ń gbọ́ ọ pé èmi náà á kú, ẹ̀yin méjèèjì á sì máa tọrọ jẹ. Mo kọ̀ ọ́ títí, ó ń wá. Nígbà tó yá, mo gbájú mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Èyí rà, èyí ò rà. Bí mo ṣe la ọdún náà já nìyẹn.”

“Ṣé ẹ̀rù ò bà yín?”

“Ó bà mí. Mo gbé ìyẹn náà síbẹ̀, mo mú òmíì.”

Mi ò mọ̀ pé ohun tí ìyá mi ń ṣe lórí àpótí yẹn nìyẹn. Mo rò pé tòmátì nìkan ló ń ṣà.

Nígbà tí dókítà ní mo lè padà sínú ẹgbẹ́, mo sọ ọ́ fún Matron. Láti ọjọ́ náà, tí ohùn yẹn bá dé, mi ò lé e, mi ò sì gbà á. Màá ní nínú mi pé, èyí rà, màá gbé e síbẹ̀, màá sì padà sórí èémí. Matron bi mí bóyá òun lè máa sọ ọ́ fún àwọn míì. Mo ní kó sọ ọ́. Mo bi í bóyá a ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ìka nìyẹn. Ó ní rárá o, ẹnì kan ṣoṣo ni mí, ìtàn ẹnì kan kì í ṣe ìwádìí, ẹnì kan á ní láti jókòó ṣe é láàárín àwa gan-an, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn, kó sì fara balẹ̀ wò ó. Bí mo ṣe fẹ́ kí o gbọ́ tèmi náà nìyẹn. Ọmọbìnrin onídìrí yẹn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ karùn-ún, nítorí jíjókòó jẹ́ẹ́ ń ba ara rẹ̀ jẹ́, wọ́n wá ìtọ́jú míì fún un, ó sì ń gbádùn báyìí. Alhaji ní ọ̀rẹ́ tí òun rí níbẹ̀ ló wo òun sàn ju èémí lọ.

Afárá náà ò rọrùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi àti ìyàwó mi dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, a padà sílé. Lọ́sẹ̀ kejì, a gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá. Mo dé àárín rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, obìnrin aláńkáṣíìfù sì dá mi mọ̀. “Daddy, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ti yá?” Mo ra áńkáṣíìfù mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, mo rìn dé ojúlé Màámi, mo kan ilẹ̀kùn. Ó ní, “Àgbàdo dà?”

Ọdún kejì nìyí. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ti dín oògùn mi kù, òun ló dín in, kì í ṣe èmi. Mo máa ń jókòó fún ìgbà díẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Àìsàn náà ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tètè lọ rí wọn ní ilé ìwòsàn. Àǹtí Bísí ṣì ń gbàdúrà fún mi, mo sì ń ṣe àmín. Tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé bíi tèmi, lọ. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ àti èyí tí wọn ò mọ̀. Ẹni tó bá dá lójú jù, ṣọ́ra fún un.

Ní oṣù tó kọjá, Màámi wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa, mo sì sìn ín padà lọ́jọ́ Sátidé. A dé àárín afárá, ó ní ká sinmi. Ó ń nawọ́ hàn mí: ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì nígbà kan, ibi tí bàbá mi máa ń dúró dè é tó bá ti ọjà dé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn mọ́. Bí mo ṣe ń wò ó ni àyà mi já. Màámi mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ mi.

“Ó dé?”

“Ó dé, Màámi.”

“Gbé e síbẹ̀.”

Mo mí. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màámi fi ọ̀pá rẹ̀ ti irin, ó na ọwọ́ sókè tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé orí mi, ó ta ìka yí mi ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, “Ọlọ́run ò ní jẹ́.”

Ẹ̀rín pa mí. “Màámi, Matron ní ká má lé e.”

“Matron kọ́ ló bí ọ. Ìwọ ṣe tìẹ, èmi náà á ṣe tèmi. Di ọwọ́ mi mú, àtẹ̀gùn yìí ò dára fún orúnkún.”

Mo dì í mú, a sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkòsì.